Kí O Tó Fún Obìnrin Yẹn ní Máàkì

Rosenberg, Texas
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀

Mojísọ́lá ọmọ mi, Àṣàkẹ́ tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n,

Ìwé ni mo kọ sí ọ, mi ò pè ọ́, torí pé gbogbo ìgbà tí mo bá pè ọ́, orí títì ńlá freeway lo máa ń wà, o ó sì ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n pè yín padà." O kì í sábà pè padà. Mi ò fi ìyẹn bá ọ jà. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ń bẹ lọ́rùn rẹ, ọmọ mẹ́ta ń bẹ lọ́rùn rẹ, wọ́n sì tún ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn ọ́ sínú ìgbìmọ̀ tó ń darí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àgbègbè yín. Túnjí ọkọ rẹ ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́rú wá wo ẹ̀rọ amúlétutù mi tí kò mú tútù mọ́. Òun ni màá fi ìwé yìí rán sí ọ. Mo bẹ̀ ọ́, jókòó kí o tó kà á. Má kà á níbi tí mọ́tò ti dúró de iná.

Ẹ̀rù ń bà mí, Mojí. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó má dà bí àsọdùn ìyá àgbà. Mo se ọbẹ̀ láàárọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi iyọ̀ sí i láìmọ̀, mo bá dà á nù. Ìyá Bísí tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ mi rí ojú mi, wọ́n bi mí bóyá ìròyìn burúkú kan ti Nàìjíríà wá. Mo ní rárá, ilé ọmọ mi ní Cypress ló ti wá.

O rántí pé lẹ́yìn ìsìn àná, èmi ni mo wà ní kíṣìnnì rẹ, mò ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo fẹ́ fi dín dòdò fún àwọn ọmọ. Ìwọ ń ṣan ìrẹsì. Fóònù rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì, o ṣí i sílẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè jáde. Ọkùnrin tí ẹ jọ wà nínú ìgbìmọ̀, Greg yẹn, ló ń sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "A ti di mẹ́rin: èmi, ìwọ, Denise àti Paul. Mẹ́rin nínú méje ti tó. Ẹ wá jẹun nílé mi lọ́jọ́ Thursday, ká fẹnu kò lórí máàkì tí a máa fún un kó tó di pé a wọlé ìpàdé. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé náà, torí pé ìwọ ni òbí tí ọ̀rọ̀ kàn."

Ìwọ rẹ́rìn-ín, o ní wàá gbé jollof dání.

Ibẹ̀ ni ọ̀bẹ ti gé mi ní àtàǹpàkò. O sáré wá fi báńdéèjì wé e fún mi, o ní, "Mọ́mì, kí ló ṣe yín?" Mo ní ọ̀bẹ yẹn ti mú jù. Irọ́ ni mo pa. Ọ̀bẹ yẹn kò mú.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, mo gbìyànjú láti sọ ọ́. Mo ní, "Mojí, oúnjẹ ọjọ́ Thursday yẹn..." O ò jẹ́ kí n parí ẹ̀. O ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò lè mọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn." Mo wọ mọ́tò mi. Mo wakọ̀ dé ilé, mi ò mọ ọ̀nà tí mo gbà.

Mo mọ ìdí tí inú fi ń bí ọ sí Dókítà Merritt. Òun ni ọ̀gá àgbà gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ àgbègbè yín, ẹni tí wọ́n ń pè ní superintendent. Ó mú máàpù tuntun wá tó ń pín àdúgbò fún ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì yí ààlà padà. Ìbùkún ọmọ rẹ tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé-ẹ̀kọ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n ní nígbà tí ìwé bá wọlé, ìdàkejì freeway ni yóò máa lọ, kò sì ní rí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Mo wà nílé yín lọ́jọ́ tó gbọ́ ọ. Mo rí bó ṣe sunkún tí kò fi lè jẹun. Torí ẹ̀ lo ṣe jáde dupò. Ohun tí o kọ sára bébà ìpolongo rẹ nìyẹn, mo sì bá ọ pín in lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ní báyìí, ẹ̀yin méje ni òfin ìpínlẹ̀ Texas ní kí ẹ yẹ iṣẹ́ obìnrin náà wò, kí ẹ sì fún un ní máàkì, bí òfin ṣe ní kí ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ṣe lọ́dọọdún. Ó ti bọ́ sí ọ lọ́wọ́.

Mo mọ bí ó ṣe máa ń rí nígbà tó bá bọ́ síni lọ́wọ́. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, bàbá yín kò gbọ́ ọ rí títí wọ́n fi kú.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, mò ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìlú kékeré tí kò jìnnà sí Ìkirè. Ìyáàfin Àjàyí ni ọ̀gá wa. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, wọn kì í rẹ́rìn-ín lásán, bàtà rọ́bà funfun ni wọ́n máa ń wọ̀ wá síbi iṣẹ́ lásìkò òjò. Kíláàsì kẹfà ni mò ń kọ́. Láyé ìgbà yẹn, tíṣà tó bá ń kọ́ kíláàsì kẹfà, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Àwọn òbí á máa gbé iṣu wá fún un. Àwọn ọmọ á máa du ẹni tí yóò bá a gbé báàgì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kan, Ìyáàfin Àjàyí pè mí wọ ọ́fíìsì, wọ́n ní láti ọ̀la lọ, kíláàsì kìíní ni kí n máa kọ́.

Mo ní, "Mà, kí ni mo ṣe?"

Wọ́n ní, "O ò ṣe nǹkan kan. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí o wà."

Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kíláàsì kìíní! Àwọn ọmọ tí ikun ń dà nímú, tí wọ́n ń tọ̀ sára. Mo gbà pé wọ́n fẹ́ fi mí wọ́lẹ̀ ni. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ń kí Ìyáàfin Àjàyí láàárọ̀, màá ṣe bí ẹni kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n orúnkún mi kì í kan ilẹ̀.

Kí ọdún náà tó parí, ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní kí wọ́n yẹ iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan wò. Èèyàn márùn-ún ni wọ́n yàn fún tiwa: òṣìṣẹ́ kan láti ọ́fíìsì náà, bàbá ìjọ kan, aṣojú àwọn òbí, àti tíṣà méjì. Èmi ni ọ̀kan nínú tíṣà méjì náà. Èkejì ni Ògúndélé, igbákejì ọ̀gá. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n mi ò ní pè é ní "wọ́n" nínú ìwé yìí. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń wá àga ọ̀gá.

Ó ku ọ̀la kí a ṣe ìpàdé ni Ògúndélé pe èmi àti aṣojú àwọn òbí wá sílé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gún iyán. Ẹran ìgbẹ́ wà nínú ọbẹ̀. A jẹun, a fọ ọwọ́. Lẹ́yìn náà ló mú bébà kan jáde, ó ní, "Àwa mẹ́ta ti tó. Ẹ jẹ́ ká kọ máàkì wa síbí, kí ọ̀rọ̀ má baà pọ̀ lọ́la. Tíṣà, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, torí pé ìwọ ni wọ́n fìyà jẹ."

Mojí, mo rò pé ó ń bọlá fún mi ni.

Lọ́jọ́ kejì, nínú kíláàsì kan tí a ti gbé àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Ìyáàfin Àjàyí wọlé tàwọn ti ìwé ńlá kan tí wọ́n fi bébà ìròyìn bò lẹ́yìn. Wọ́n gbé e lé orí tábìlì níwájú wa. Wọ́n ní, "Ohun tí mo ṣe lọ́dún yìí wà nínú rẹ̀, kíláàsì dé kíláàsì. Ẹ bá mi kà á kí ẹ tó kọ tiyín."

Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ògúndélé wo ojú mi. Mo dìde. Mo ní ìkà ni ọ̀gá wa, wọn ò mọ bí a ṣe ń bá òṣìṣẹ́ lò, wọ́n máa ń dójú ti èèyàn, gbogbo ìlú ló sì mọ̀. Bàbá ìjọ bi mí pé, "Ọmọ mi, ẹ̀rí wo lo ní?" Mo ní, "Bàbá, ta ni kò mọ̀?" Ẹnu mi kò wọ́ rárá.

Ìyáàfin Àjàyí kò wo ẹlòmíràn. Èmi ni wọ́n ń wò. Ìbínú kò sí lójú wọn. Bí ìyá ṣe máa ń wo ọmọ tó ń rìn lọ sínú odò ni wọ́n ṣe wò mí.

Ẹnikẹ́ni kò ṣí ìwé náà. Mẹ́ta borí méjì. Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n ti já ìyá náà sípò tíṣà lásán, wọ́n sì gbé wọn lọ sí abúlé kan létí odò Ọ̀ṣun. Ògúndélé bọ́ sórí àga. Ó dá mi padà sí kíláàsì kẹfà. Mo yọ̀, mo ra bàtà tuntun.

Ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. Ìyáàfin Àjàyí máa ń dá àwọn ọmọ tí ìwé kíkà ń ni lára dúró lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti jáde, wọ́n á máa kọ́ wọn fúnra wọn. Ògúndélé fòpin sí i, ó ní ìyà ni yóò jẹ́ fún àwọn tíṣà tó bá ń bá a lọ. Nígbà tí ìdánwò àtiwọ girama dé, díẹ̀ ló yege nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ràmátù. Orí rẹ̀ pé ju ti èmi tíṣà rẹ̀ lọ. Bí o bá ka ìbéèrè fún un, yóò ti dáhùn kí o tó mí. Ṣùgbọ́n kò tíì lè dá a kà já gaara, kò sì sí ẹni tó ń dá a dúró kọ́ mọ́. Ó fìdí rẹmi. Bàbá rẹ̀ ní kò burú, kí ọdún sì tó yí, wọ́n ti fún un lọ́kọ.

Lẹ́yìn náà ni mo rí ìwé ńlá yẹn. Mò ń gbá ọ́fíìsì lọ́jọ́ kan ni mo bá a lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, eku ti jẹ etí rẹ̀. Mo ṣí i. Orúkọ gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà wà níbẹ̀, àti ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè kà, àti èyí tí kò tíì lè kà. Lẹ́yìn ìwé náà ni orúkọ àwa tíṣà wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, wọ́n kọ ọ́ pé: "Nínú gbogbo wa, òun ló mọ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà jù. Bí ọmọ bá dé kíláàsì kẹfà tí kò mọ̀ ọ́n kà, ó ti pẹ́. Mo fẹ́ gbé e lọ sí kíláàsì kìíní. Inú rẹ̀ kò ní dùn. Màá ṣàlàyé fún un tí èso rẹ̀ bá ti ń hàn."

Mo jókòó sórí ilẹ̀ eléruku yẹn, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Mo lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, mo ní mo fẹ́ kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ mú fáìlì jáde, ó fi ìka sí ìsàlẹ̀ bébà, ó ní, "Ṣé ọwọ́ yín kọ́ rèé, Tíṣà?" Ọwọ́ mi ni. Ó pa fáìlì rẹ̀ dé. Mo bá wọ lọ́rí lọ sí abúlé yẹn lọ́jọ́ Sátidé. Mo bá Ìyáàfin Àjàyí lẹ́yìn ilé, wọ́n ń ro ẹ̀pà. Wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n fún mi lómi mu. Mo dojú bolẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, ti ilé Ògúndélé, ti ìwé, ti Ràmátù. Wọ́n jẹ́ kí n sunkún tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n wá ní, "Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́. Èmi ti dàgbà, kò sóhun tí ojú mi ò rí rí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ọ bẹ Ràmátù?"

Mo gbé ìbéèrè náà wọ lọ́rí padà sílé. Ó wà lọ́rùn mi títí di òní.

Ojú ń tì mí níwájú rẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí Greg sọ lórí fóònù yẹn, ọ̀rọ̀ Ògúndélé gan-an ni. "A ti tó." "Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ sọ̀rọ̀." Ó dà bí ẹni pé òkú rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ nínú kíṣìnnì rẹ.

Nítorí náà, gbọ́ tèmi.

Àkọ́kọ́, má lọ síbi oúnjẹ yẹn. Ìwé tí wọ́n fún ọ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tuntun wà lórí tábìlì rẹ lánàá. Nígbà tí o ń di irun Ìbùkún, mo kà á. Má bínú, tíṣà ni mí, ìwé kì í dùbúlẹ̀ níwájú mi kí n má ṣí i. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kedere: bí mẹ́rin nínú ẹ̀yin méje bá jókòó síbì kan tí ẹ sọ ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀, ìpàdé lẹ ṣe, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti kéde rẹ̀ fún ará ìlú ṣáájú. Bí ẹ bá tún dọ́gbọ́n sí i, tí eléyìí pe tọ̀hún, tí tọ̀hún pe ẹlòmíràn, títí ẹ fi pé mẹ́rin, ẹ̀ṣẹ̀ náà ni lábẹ́ òfin. Ìtanràn wà fún un. Ẹ̀wọ̀n náà wà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ibi tí wọ́n ti dárúkọ ẹ̀wọ̀n, bóyá ojú mi ló ń ṣe mí.

Mojí, bí ọ̀rọ̀ yìí bá tú síta, ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ? Àdúgbò yẹn ni wọ́n bí bàbá Greg sí. Ìwọ, wọn ò tíì lè pe orúkọ rẹ já. Òun á ní òun kàn ṣe oúnjẹ ni. Ìwọ lo sọ̀rọ̀, ìwọ lo bínú, ìwọ lo fẹ́ gbẹ̀san. Ẹni tí a fẹ́ sun jẹ kì í fepo para lọ jókòó sídìí iná. Mi ò gbé ọ wá sí orílẹ̀-èdè yìí lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá kí n wá máa gbọ́ orúkọ rẹ lẹ́nu agbẹjọ́rò.

Èkejì, bèèrè fún ìwé àfojúsùn. Ohun tí mo rí kà ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ìgbìmọ̀ máa ń bá ọ̀gá àgbà kọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó ṣe sílẹ̀. Láàárín ọdún, wọ́n á jókòó bá a, wọ́n á sọ ibi tó kù sí fún un. Níparí ni wọ́n tó ń fún un ní máàkì, bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣe sí nínú ẹ̀kọ́ wọn sì gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tí wọ́n máa wò. O ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ ti ọdún yìí. Lọ kà á. Ṣé wọ́n bá a sọ̀rọ̀ ààlà níbẹ̀? Ṣé wọ́n kìlọ̀ fún un láàárín ọdún? Bí wọn ò bá sọ ọ́ fún un, báwo lo ṣe fẹ́ fi dá a lẹ́jọ́? Ta ló ń rán aṣọ tán kó tó wọn ẹni tó ni ín?

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ Ìbùkún fúnra rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ibẹ̀ ló máa dùn ọ́ jù. Nígbà ìpolongo, o sọ fún mi pé Dókítà Merritt ló mú máàpù náà wá, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ló dìbò fún un. Mo bi ọ́ pé àwọn wo ló dìbò bẹ́ẹ̀ ni. O ka orúkọ wọn fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, inú ń bí ọ. Greg wà nínú wọn. Denise wà nínú wọn. Ṣé o ti gbàgbé? Ọwọ́ tó gbé ọmọ rẹ sọdá freeway náà ló fẹ́ bu oúnjẹ fún ọ lọ́jọ́bọ̀. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ìbínú tirẹ̀ ti gbé ṣubú rí.

Mi ò ní ka ìmọ̀ràn mi ní oókan eéjì mọ́. Mi ò mọ Dókítà Merritt, mi ò sì bẹ̀bẹ̀ fún un. Ó lè jẹ́ ọ̀lẹ. Ó lè jẹ́ agbéraga. Bí ó bá kùnà, kọ ọ́ pé ó kùnà, kí o sì fi ìwé ti ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́yìn. Má jẹ́ kí ẹ̀rù tèmi sọ ọ́ di ẹni tí kò lè la ẹnu sọ òtítọ́. Má sì gbà fún ẹni tó bá ní kí ẹ máa sún àyẹ̀wò iṣẹ́ rẹ̀ síwájú. Bí oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá kọjá tí ẹ ò yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, òfin ò gbà kí ẹ máa san owó oṣù rẹ̀. Ẹ ó ti ilẹ̀kùn kí ẹ tó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, òfin fàyè gba ìyẹn, ṣùgbọ́n ìta gbangba lẹ ti máa dìbò. Ohun tí o ò bá ní lè wí lójú obìnrin náà, má wí i lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tó bá sì gbé ìwé iṣẹ́ rẹ̀ síwájú yín, jẹ́ kí ó jẹ́ ìwọ lo máa sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kà á." Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tèmi. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Àti pé lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, má sọ máàkì náà fún mi. Ọ̀rọ̀ àṣírí ni. Bí mo bá gbàgbé ara mi tí mo bi ọ́, ní kí n lọ dín dòdò.

Fún ọdún mẹ́sàn-án tí mo fi bu oúnjẹ fún àwọn ọmọ ní kíṣìnnì ilé-ẹ̀kọ́ kan níbí, ọ̀gá àgbà mẹ́ta ló wá tó lọ. Àwa tó wọ fìlà nẹ́ẹ̀tì yẹn kì í mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀. A kàn máa ń rí i pé tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ tí èdè Gẹ̀ẹ́sì kò tíì yọ̀ mọ́ lẹ́nu kò sí mọ́, nítorí pé ẹni tuntun ti dé pẹ̀lú ètò tuntun. Àwọn ọmọ náà á máa na abọ́ wọn sí mi, wọn ò ní sọ̀rọ̀. Ojú Ràmátù ni mò ń rí lójú wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sán

Mo rò pé mo ti parí ìwé yìí lánàá. Àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè wá dúró ti àwọn ọmọ lọ́jọ́ Thursday? Túnjí máa pẹ́ níbi iṣẹ́. Ẹ ṣé, Mọ́mì mi."

O mọ̀ pé mi ò kọ̀ ọ́ rí. Lọ́jọ́ tí òjò sọ freeway di odò tí ibà mú àbúrò Ìbùkún, mo wá. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi wú, mo wá. Lọ́jọ́bọ̀ yìí, mi ò ní wá. Ara mi le, mi ò ní parọ́ fún ọ pé ó rẹ̀ mí.

Bí o bá ṣì fẹ́ lọ, wá ẹlòmíràn tí yóò dúró tì wọ́n. Ṣùgbọ́n kí o tó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, pe Ìbùkún, mú un jókòó, kí o sì sọ ibi tí ò ń lọ fún un, àti ohun tí ẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, àti orúkọ àwọn tí ẹ jọ fẹ́ ṣe é. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Yóò bi ọ́ ní ìbéèrè. Dá a lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí o bá sọ ọ́ fún un tán tí ojú rẹ kò kúrò lójú rẹ̀, máa lọ.

Ẹ̀rù ń bà mí pé wàá bínú sí mi. Ẹ̀rù ń bà mí pé o lè má mú àwọn ọmọ wá sọ́dọ̀ mi ní Sátidé yìí, àti Sátidé tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Mo ti rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo sì gbà kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Abẹ́ní